Pèrègún Tí Mo Gbìn Sétí Odò

Ìsẹ́yìn,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun àsárì.

Nímọ́tà, Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn wa máṣínì ìránṣọ,

Mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ṣakí? Ṣé òrùlé yàrá tí o gbà yẹn kò jò mọ́? Bàbá rẹ ń kí ọ. Ó wà nídìí òfì, ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé ìwọ ni mò ń kọ̀wé sí, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo ti sọ fún ọ pé kí o máa jẹun lásìkò. Mo ti sọ ọ́ báyìí. Máa jẹun.

Ẹnu á yà ọ́ pé ìwé ni mo kọ, tí mi ò pè ọ́. Bí mo bá pè ọ́, o ò ní jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. O máa ní, "Màámi, mo ti gbọ́, mo ti gbọ́," o ò sì tíì gbọ́ nǹkan kan. Bí mo bá gba ohùn mi sílẹ̀ fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù ńkọ́, àárín ọgọ́rùn-ún ohùn mìíràn ni yóò sùn sí. Ìwé mẹ́fà tí mo kà ní Ofiki ṣì wà lọ́wọ́ mi, jẹ́ kí n lò ó. Awakọ̀ tó ń lọ sí Ṣakí láàárọ̀ ọ̀la ni mo máa fi rán. Jọ̀wọ́, jókòó kà á. Má dúró kà á.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lọ́jọ́ Àìkú ni kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀. O ní odò tó wà lọ́nà oko lẹ́yìn Ṣakí kún, ẹ sì kìlọ̀ lórí Fesibúùkù àti Wasáàpù iléeṣẹ́ pàjáwìrì ìjọba tí o ti ń ṣiṣẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má gba ibẹ̀ kọjá. Ìwọ gan-an lo kọ ọ́, ìwọ lo fi àwòrán sí i. Omi fà lọ́jọ́ kejì, ẹ ò sọ fún ẹnì kankan. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ìkìlọ̀ yẹn fi ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn, táwọn èèyàn ń fi ẹsẹ̀ gbígbẹ kọjá níbẹ̀, tí wọ́n ń fi ìjọba ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí omi wá kún lẹ́ẹ̀kejì, ẹ tún kìlọ̀. Ọlọ́kadà kan rí i, ó ní irọ́ wọn ti ìjelòó náà nìyẹn, ó bá wọ odò. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, wọ́n fà á yọ láàyè. Ṣùgbọ́n egungun itan rẹ̀ kán, odò sì gbé alùpùpù tó fi ń bọ́ ọmọ lọ.

O wá ní ọ̀gá yín ti ní kí o kọ ọ́ sójú ayélujára lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí pé ẹ ti kìlọ̀, pé ọkùnrin náà ló kọ etí ikún. Mo bi ọ́ pé ṣé bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ rí. O ní, "Màámi, olóríkunkun ni. A kìlọ̀ fún un." Àbẹ̀kẹ́, jìnnìjìnnì mú mi. Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn rí, ẹnu ara mi sì ni mo ti gbọ́ ọ.

Mò ń bọ̀ wá sórí ìyẹn. Ó wúwo, mi ò lè gbé e lójijì. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi àwọn kéékèèké mú ara mi gbóná.

Àkọ́kọ́. Mo dúpẹ́ pé ìwọ ni wọ́n mú láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì bí wọ́n ṣe ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára. Orí mi wú. Ṣùgbọ́n o sọ fún mi nípa bàbá kan níbẹ̀, tó ti ń bá iná jà láti ìgbà tí èmi ṣì wà lọ́mọge, tó di fóònù mú bí ẹni di àkekèé mú, tó wá ṣèèṣì fi àwòrán ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo iléeṣẹ́. Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́. Nígbà tí mo sọ fóònù kalẹ̀ ni mo rántí obìnrin kan.

Ọdún tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ni. Obìnrin náà jù mí lọ dáadáa, ó ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kan ó gbé apá bùbá, ó rán an mọ́ ibi ọrùn. Dípò kí n rọra tú u, mo ké sí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó kù pé kí wọ́n wá wo aṣọ tí ọ̀gbẹ́ni olórí-ńbẹ-lápá máa wọ̀. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Òun náà bá wa rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò wá. Kò wá mọ́ láéláé. Igi ìdáná ló ń tà títí dòní, bó bá sì rí mi lọ́nà, òun ló máa ń kọ́kọ́ kí mi. Ojú máa ń tì mí débi pé mo máa ń sọdá sí òdìkejì.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí bàbá yẹn bá tún tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀, kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, kí o sọ pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe." Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bàbá yẹn mọ ibi tí iná máa ń sá pamọ́ sí nínú koríko ọyẹ́ nígbà tí gbogbo èèyàn bá rò pé ó ti kú. Ìwọ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn lórí fóònù. Bí ẹ bá pín in báyẹn, àwa tó wà nílé la máa jèrè.

Èkejì. Mo mọ̀ pé o máa ní, "Màámi, ẹ̀yin náà ńkọ́?" Ó dáa, mo gbà. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ kìnnìún ránṣẹ́. Wọ́n ní kìnnìún ti já wọ oko, mi ò béèrè ta ni "wọ́n" yẹn, mo fi ṣọwọ́ sí èèyàn méjìdínlógún, títí kan onílé wa. Ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn obìnrin àsàlátù wa kò fi lọ sóko. Kìnnìún náà wá di màlúù pupa kan tó já okùn. Bàbá rẹ ṣì máa ń bú ramúramù bí mo bá gbóúnjẹ wọlé. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín pé kí wọ́n wá ẹni tó dúró níbi tí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀, kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ ìjọba kọ ohunkóhun. Bí èmi aránṣọ bá parọ́, oko ni wọn ò ní lọ. Bí ìjọba bá parọ́, o ti rí ohun tó ń dà.

Ẹ̀kẹta. Ẹ kọ ọ́ ní èdè tí à ń sọ. Èyí tí o fi hàn mí lóṣù tó kọjá, òyìnbó tó wà níbẹ̀, lọ́yà gan-an á kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ta lẹ kọ ọ́ fún? Kí ẹ sì rántí pé odò kò mọ ẹni tó ní dátà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sórí fóònù tán, kí ẹnì kan lọ sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, kó lọ sọ ọ́ fún alága àwọn ọlọ́kadà, kó lọ sọ ọ́ fún àwọn ọdẹ, kó dé gáà àwọn Fúlàní. Wọ́n á ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Sọ fún wọn pé ìyá rẹ ní kò pọ̀ jù.

Ẹ̀kẹrin ni àbí ẹ̀karùn-ún? Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo jókòó torí ẹ̀.

O mọ abà bàbá mi létí odò Ofiki, níbi tí a ti máa ń sun àgbàdo nígbà tí o wà ní kékeré. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, kò sí afárá níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń la odò kọjá. Bàbá mi ló dá a sílẹ̀ pé bí odò bá ti kún, kí wọ́n gé ẹ̀ka ẹmì, igi òrí yẹn, kí wọ́n fi dábùú ọ̀nà kí èèyàn tó dé etí omi. Ewé ẹmì kì í pẹ́ rọ bí wọ́n bá ti gé e. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ á wo ewé náà. Bó bá ṣì tutù, a jẹ́ pé òní ni wọ́n gé e, kò gbọdọ̀ wọ odò. Bó bá ti rọ, ti àná ni, kó kọ́kọ́ fi ọ̀pá wọn omi wò. Bó bá ti gbẹ, omi ti lọ, kó máa kọjá. Kò sẹ́ni tó ní láti wá kéde pé ó ti parí. Ewé fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọjọ́ orí ara rẹ̀ fún ọmọdé àti àgbà.

Èmi ni wọ́n fi iṣẹ́ ewé náà rán. Gbogbo àárọ̀ tí odò bá kún, kí n lọ sídìí igi ẹmì lẹ́yìn oko, kí n gé tuntun, kí n sì gbé e lọ sọ́nà.

Lásìkò yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìsẹ́yìn bá ọ̀gá rẹ̀ wá sí abà wa láti ra ẹ̀lú tí wọ́n fi ń pa aró. Wọ́n lo ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó lẹ́rìn-ín lẹ́nu, ó sì mọ̀ ọ́n sọ. O mọ̀ ọ́n, òun ló ń béèrè bóyá o ti jẹun. Òwúrọ̀ nìkan ni ọ̀gá rẹ̀ kì í ṣọ́ ọ, òwúrọ̀ náà sì ni ìdí igi ẹmì ń pè mí. Mo wá ronú. Ní ààlà oko wa, pèrègún pọ̀ lọ súà, kò sì jìn sọ́nà odò. Pèrègún kì í rọ. Bí o bá gé e, tí o rì í mọ́ ilẹ̀ tó tutù, yóò máa dán bí ẹni pé àárọ̀ yìí lo gé e. Mo gé mẹ́ta, mo gbìn ín sójú ọ̀nà etí odò. Mo wá ní gbogbo òwúrọ̀ ayé láti dúró ti ọmọ aláró. Mo rò pé mo gbọ́n.

Omi fà. Pèrègún ò rọ. Àwọn èrò dé ibẹ̀, wọ́n rí ewé tútù, wọ́n padà sílé. Wọ́n padà lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta ọkùnrin kan ní òun ò padà mọ́, ó wọ odò, omi ò dé kókósẹ̀ rẹ̀. Ó pariwo pé, "Àwọn ará abà yìí ń fi wá ṣeré!" Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó wo ewé mọ́. Àwọn ará abà tiwa kì í gba ibẹ̀ lọ sóko, bàbá mi ò sì mọ̀. Mo gbọ́. Mo ní màá yọ ọ́ lọ́la. Ọ̀la náà, bàbá rẹ mú dòdò wá láti Òkèhò.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, oòrùn mú lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n òjò ti rọ̀ lókè lọ́hùn-ún. Odò dé pẹ̀lú ìfòòfó, ó pọ́n. Mo rí i láti òkèèrè. Gbọ́ ohun tí mo sọ lọ́kàn mi: mo ní, "Pèrègún ṣáà wà níbẹ̀." Mi ò lọ. Mi ò kígbe. Ìyá Ràbí, ìyàwó ilé kan ní abà kejì sí tiwa, ń ru irú lọ sọ́jà. Ó rí ewé tútù tó ti ń rí láti ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ó kọjá lára rẹ̀, ó wọ odò. Omi gbé e.

Wọ́n rí i níbi tí odò ti ṣẹ́ kọ́rọ́, ó di gbòǹgbò igi mú. Ìbàdí rẹ̀ ti yẹ̀, kò sì padà sípò mọ́ títí dòní. Nígbà tí àwọn ọkùnrin ń gbé e bọ̀, ṣé o mọ ibi tí èmi wà? Mo wà lójú ọ̀nà, mò ń fa pèrègún tu. Ó ti ta gbòǹgbò, mo fi eékún ti ilẹ̀. Mo jù ú sómi. Mo sáré lọ sídìí ẹmì, mo gé ẹ̀ka tuntun, mo fi dábùú ọ̀nà. Nígbà tí bàbá mi dé, ó wo ewé náà, ó wo obìnrin náà, ó mi orí. Ó ní, "Ewé tutù tó báyìí, o sì wọ odò?"

Ìyá Ràbí ní, "Ewé tí mo rí kọ́ nìyí. Ewé gígùn ni mo rí, ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́." Wọ́n ní omi ti kó sí i lórí. Wọ́n bi mí. Mo ní, "A kìlọ̀ fún un. Olóríkunkun ni."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Aríewéwọdò. Àwọn ọmọdé fi ń kọrin tẹ̀lé e bó bá ń tiro lọ. Nígbà tó yá, ó di ohun tí gbogbo abà fi ń bá ọmọ aláìgbọràn wí. Àbẹ̀kẹ́, rántí ọjọ́ tí o fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù gbígbóná ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo fi omi tútù sí i fún ọ, mo sì ń wí pé, "Aríewéwọdò, ṣé mi ò sọ fún ọ?" Èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo mọ̀. Mo ti pa irọ́ náà pẹ́ débi pé mo fi tọ́ ọmọ mi.

Ṣé o ti ń rí ìdí tí jìnnìjìnnì fi mú mi lọ́jọ́ Àìkú? Ohun tí ẹ ń kọ sójú Fesibúùkù yẹn, pèrègún ni. Kì í rọ. Ẹni tó bá rí i lónìí àti ẹni tó bá rí i lóṣù tó ń bọ̀, bákan náà ló ń tutù lójú wọn. Nítorí náà, kí wọ́n máa kọ ọjọ́ sí i, kí wọ́n kọ aago, kí wọ́n kọ orúkọ odò àti ọ̀nà tó jẹ́. Kí wọ́n kọ ìgbà tí wọ́n tún máa padà wá sọ̀rọ̀. Bí omi bá sì ti fà, kí wọ́n sọ pé ó ti fà, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nígbà tó kún, pẹ̀lú ariwo kan náà. Kí ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìkì kó máa sọ pé, "Ó ti parí o, ẹ máa kọjá." Iṣẹ́ yẹn kò lógo, ọ̀dọ́bìnrin tó bá ní ọ̀rẹ́kùnrin kì í fẹ́ ṣe é. Èmi ni ẹlẹ́rìí.

O sọ pé ẹ ti yọ ìkìlọ̀ àtijọ́ náà kúrò, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i mọ́. Ọmọ mi, èmi náà yọ tèmi. Yíyọ yẹn ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe. Bí mo bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kí bàbá mi rí i, ojú á tì mí fún oṣù kan, wọ́n á nà mí, á tán. Ìyá Ràbí ò ní jẹ́ olóríkunkun.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá mo sọ ọ́ fún bàbá rẹ. Kò gbọ́ ọ rí. Ó fi òfì sílẹ̀. Ó wá ní, "Ṣé nítorí tèmi ni?" Mo ní, "Nítorí ọ̀lẹ ni, kì í ṣe nítorí tiyín." Ó ní òun á bá mi lọ. Mo ní rárá, èmi nìkan ni mo gbìn ín.

Lánàá, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọkọ̀ lọ sí Ofiki. Ìyá Ràbí ti darúgbó. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ó jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ó ní, "Kí ló dé tí ohùn rẹ ń gbọ̀n?" Mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí eékún tí mo fi ti ilẹ̀.

Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó na ọwọ́, ó wá orí mi, ó fọwọ́ lé e. Ó ní, "Pèrègún ni, àbí? Pèrègún ni. Mo sọ fún wọn pé ewé gígùn ni. Wọ́n sọ tiwọn títí èmi náà fi gbà pé orí mi ló dàrú lọ́jọ́ náà. Ọmọ mi, ojú mi yìí, ó ríran nígbà yẹn." Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó forí jì mí. Ó ní, "Mo ti forí jì ọ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mò ń pe ara mi ní Aríewéwọdò. Lọ pe àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀."

Wọ́n pe gbogbo ilé jọ, ọmọ, ọmọ-ọmọ, àwọn ará àdúgbò. Mo dìde láàárín wọn, èmi tí wọ́n ń pè ní Àlàájà, mo tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ràbí fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, òun náà ti lọ́mọ-ọmọ. Kò wo ojú mi, kò sì dáhùn nígbà tí mo kí i pé ó dìgbà. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ohun tí mo kọ́ lánàá nìyí, mo sì dàgbà kí n tó kọ́ ọ: ibi tí irọ́ bá rìn dé ni òótọ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e dé. Ojú Fesibúùkù ni ẹ ti ṣe é, ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti tún un ṣe, àti gbogbo gúrúùpù tó dé. Lọ bá ọ̀gá rẹ kó tó di ọjọ́ Ajé. Kúnlẹ̀ fún un, má ṣe bá a jiyàn lójú àwọn ọmọ iṣẹ́. Kọ ọjọ́ tí ẹ kìlọ̀ àkọ́kọ́ sórí ìwé, kọ ọjọ́ tí omi fà, jẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ rí ọ̀sẹ̀ méjì tó wà láàárín wọn. Sọ pé ìwọ ni àṣìṣe náà ti ọwọ́ rẹ̀ wá, nítorí ìwọ ni. Ó lè gbà. Àwọn ọ̀gá máa ń gbọ́ nígbà mìíràn. Bó bá ní dandan kí o di ẹ̀bi ru ọlọ́kadà náà, sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ rẹ ni yóò kọ ọ́.

Bí iṣẹ́ náà bá torí rẹ̀ bọ́, ilé ńbẹ. Máṣínì kejì wà ní kọ̀rọ̀, mò ń fi epo sí i lóṣooṣù. Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé oúnjẹ ńbẹ. Mi ò fẹ́ kí o pàdánù iṣẹ́, mo ti fi ọ́ yangàn káàkiri ìlú. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí o gbé ohun tí mo gbé. Kò gbẹ, Àbẹ̀kẹ́. Mo ti ń dúró de ọjọ́ tó máa gbẹ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge.

Nígbà tí mo fẹ́ máa bọ̀ lánàá, Ìyá Ràbí di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n pe orúkọ òun, èyí tí ìyá òun fi ń pe òun. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jù mí lọ, mi ò lè pè yín lórúkọ." Ó ní, "Nígbà tí ò ń pè mí ní Aríewéwọdò, ṣé mi ò jù ọ́ lọ?" Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ó lé ní ogójì ọdún, mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì béèrè rí. Òun ló sọ ọ́ fún mi.

Gbogbo bí a ṣe sọ̀rọ̀ tó lọ́jọ́ Àìkú, "ọlọ́kadà yẹn" lo ń pè é. Kí o tó fọwọ́ kan fóònù, kí o tó bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀ pàápàá, lọ síbi tí ọkùnrin náà dùbúlẹ̀ sí. Ra ọsàn dání. Jókòó tì í, kí o béèrè orúkọ rẹ̀.

Àṣàbí ni orúkọ Ìyá Ràbí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè é kí n tó wọkọ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì jẹ́ mi.

Èmi ni,
ìyá rẹ, tó máa ṣí Fesibúùkù lọ́jọ́ Ajé.